Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àgbà ọdẹ ń nu ìbọn: ṣé kó lọ ni àbí kó jókòó?

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè ń là, tí koríko ọ̀dàn sì gbẹ, ara ọdẹ kì í gbélé mọ́. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, àsìkò ọdẹ nìyẹn káàkiri Òkè-Ògùn, Ìbàràpá àti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì. Baba ẹni àádọ́rin ọdún náà ti gbé ṣakabùlà rẹ̀ jáde, ó ń fi epo nù ún.

Ibẹ̀ gan-an ni aáwọ̀ ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ìyá á ní, "Baba Àlàó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Orúnkún tí ẹ fi ń kérora lálẹ́ àná, ṣé òun náà lẹ fẹ́ gbé lọ sígbó?" Baba á ní, "Ìyá Àlàó, ṣé àgbọ̀nrín èṣí ni kí n wá máa jẹ lọ́bẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Baba lè lọ, yóò sì gbádùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe é bó ṣe ń ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún.

KÍ LÓ DÉ TÓ JẸ́ Ẹ̀Ẹ̀RÙN?

Ní àsìkò òjò, koríko ga ju ènìyàn lọ. Àgbọ̀nrín lè dúró nítòsí ọdẹ kó má rí i rárá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko á jó, odò kéékèèké á gbẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí iná bá ti kọjá, koríko tútù á tún yọ lórí eérú. Òun ni àgbọ̀nrín ń wá jẹ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí omi bá kù sí ló sì ti ń mu.

Àgbọ̀nrín kì í rìn lágbo bí àgùntàn. Òun nìkan ló sábà máa ń dá jẹ̀, etí igbó dídí ló sì fẹ́ràn, kó lè tètè wọlé bí ewu bá dé. Akọ nìkan ló ń hùwo. Bó bá fura, á gbó bí ajá, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ajá àgbẹ̀ kan ni. Gbogbo èyí, àgbà ọdẹ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré kiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀TỌ́ ÀGBÀ NI ÌJÓKÒÓ

Yorùbá ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ọ̀rọ̀ ọdẹ gan-an nìyẹn. Ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ẹni tó ń rìn kiri ló ń lé ẹran ara rẹ̀ sá. Àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ni ẹran á rìn wá bá.

Ọyẹ́ tún ń ràn án lọ́wọ́. Láàárín àríwá àti ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Kí baba jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gba ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá a, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gùn orí igi, kí baba fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹni àádọ́rin ọdún tó bá já bọ́ látorí igi, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó lè má dìde mọ́. Ẹ̀yìn ọ̀gán tàbí ìdí igi ńlá tó o. Kó mú àpótí kékeré dání, omi, aṣọ òtútù, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bó bá ń lò ó.

Bó bá yìnbọn, tí ẹran gbé ọgbẹ́ sá lọ, kó má sáré tẹ̀ lé e. Akọ àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́ a máa yíjú padà sí ọdẹ, ìwo rẹ̀ sì mú. Àwọn ọmọ àti ajá ni kó tọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà ni kó rù ú wálé.

OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ

Eléyìí korò létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Orúnkún tó ń dunni kì í pa ẹlòmíràn. Ojú tí kò ríran dáadáa ló ń pa á. Nínú igbó kan náà tí ọdẹ wà, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́mu wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ṣẹ́gi wà níbẹ̀. Ohun pupa rúsúrúsú tó ń mì lẹ́yìn koríko lè jẹ́ àgbọ̀nrín, ó sì lè jẹ́ ìró ìyá oníyàá. Kódà òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ní ìwé àṣẹ ìbọn.

Nítorí náà, kí koríko tó jó, kí baba ti lọ rí dókítà ojú. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ funfun ló ń bo ẹyin ojú, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Bó bá sì jẹ́ èyí tí kò lójútùú, kó gbé ìbọn lé ọmọ lọ́wọ́, kó jókòó tì í. Ọmọ ní ojú, baba ní ọgbọ́n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÈRÈ WÀ FÚN ỌMỌ ÀTI ỌLỌ́JÀ

Ọ̀dọ́ tó bá dá lọ sígbó, ohun tó bá ti rí ló ń yìnbọn lù. Àgbà ni yóò sọ fún un pé, "Fi ìyẹn sílẹ̀, aboyún ni." Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni àgbọ̀nrín fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà ń bí. Ẹni tó pa abo tó lóyún ti pa àgbọ̀nrín ọdún tó ń bọ̀. Àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń sun ìgbẹ́ tí iná kò fi ní wọ oko kòkó olóko. Òun náà ni yóò ránni létí pé igbó Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ní 1991, kì í ṣe ibi tí ọdẹ ń gbé ìbọn wọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn kan wà tó ń fi oògùn kòkòrò oko pa ẹran. Ẹran tí ẹ kò bá rí ojú ọta tàbí ojú pàkúté lára rẹ̀, ẹ béèrè bó ṣe kú kí ẹ tó sanwó. Àgbà ọdẹ tó níyì ládùúgbò kò ní gbé irú rẹ̀ wá bá yín.

Ẹ JẸ́ KÓ LỌ, KÓ MÁ DÁ LỌ

Ohun tí baba ń wá nígbó kì í ṣe ẹran nìkan. Ìdájí tó tutù, igbe àparò, ìjálá tí wọ́n ń sun lẹ́bàá iná lálẹ́, ẹ̀dọ̀ ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata yan: ìwọ̀nyí ló ń mú ara àgbà jí. Ìrèmọ̀jé tí ẹgbẹ́ ọdẹ ń sun fún ọdẹ tó kú dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú kò lè fi ibi tí ẹran ti ń mumi han ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ní Sátidé méjì péré lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ bá baba lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ di oúnjẹ fún un, kí ẹ sì mọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò dé. Ẹ̀yin baba náà, bí ẹran bá bọ́ sí i, ẹ rántí o: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ fún wọn jẹ.