Èwo ló dáa jù nínú eré tẹlifíṣọ̀n? Àríyànjiyàn tó lè ṣe oníṣòwò láǹfààní

Bẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tàbí búkà kan ní Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀tan-Ayégbajú, tí iná wà, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, ẹ ò ní í pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi gbọ́ ọ. Bàbá kan á ní wọn ò ṣe eré mọ́ láyé yìí, pé ìgbà Aláwàdà ti Baba Sala ni tẹlifíṣọ̀n dùn. Ìyá kan á ní irọ́ ni, ṣé bàbá ti gbàgbé Super Story ni? Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á bú sẹ́rìn-ín, á ní àfàìmọ̀ káwọn àgbà máà tíì wo Jenifa's Diary. Ká tó wí ká tó fọ̀, irun ẹni tó wà lórí àga á ti wà ní ìlàjì, onígbàjámọ̀ á dá ọwọ́ dúró, òun náà ní tiẹ̀ láti sọ.

Ariwo lásán lọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù ka èyí sí. Àwa ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń náwó gidi kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí àwọn tó ń ra ọjà wọn, èdè tí wọ́n gbọ́ dáadáa, àti ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà yín ń sọ gbogbo ẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń jà ni.

Ìdí tí àríyànjiyàn yìí kì í fi í tán ni pé ohun táwọn èèyàn jọ ń wò tẹ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò mọ́. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn. Ibẹ̀ làwọn onítíátà tó ti ń gbé eré káàkiri ìlú, irú Olóògbé Dúró Ládípọ̀ àti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tá a mọ̀ sí Baba Sala, ti rọ́nà gbé eré wọn wọlé onílé. Nígbà tó ṣe, ìjọba kó gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba sábẹ́ NTA lọ́dún 1977. Títí di ọdún 1992 tí òfin tuntun fàyè gba aládàáni, tẹlifíṣọ̀n ìjọba nìkan ló wà káàkiri Nàìjíríà. Ẹ wá wò ó bí yóò ti rí: bí Village Headmaster bá ń lọ, òun náà ni aládùúgbò yín ń wò, torí kò sí òmíràn tó lè yí i sí. Eré náà, tí Olóògbé Ṣẹ́gun Olúsọlá dá sílẹ̀, wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1968 títí di 1988. Inú ẹ̀ la ti mú orúkọ àmèbo tá à ń pe olófòófó. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń pe ẹgbẹ́ wọn ní àmèbo lónìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn inú eré ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, Aláwàdà, Village Headmaster àti Kóòtù Aṣípa ti Olóògbé Oyin Adéjọbí, ọmọ Òṣogbo, ni yóò máa dárúkọ. Ẹni tó wà láàárín ogójì ọdún sí àádọ́ta yóò sọ ti Checkmate tí Amaka Igwe kọ, tàbí Super Story tí Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001. Ẹ bi í léèrè ta ni Toyin Tòmátò, kẹ́ ẹ sì wo ojú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò mọ̀kan nínú ìyẹn. Jenifa's Diary tí Fúnkẹ́ Akíndélé fà yọ látinú fíìmù Jénífà ọdún 2008 ni tiwọn, tàbí Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé sórí Netflix, wọ́n sì ń wò ó lórí fóònù. Eré tí èèyàn wò nígbà tó wà lọ́mọdé tàbí lọ́dọ̀ọ́ ló sábà máa ń dá lọ́lá jù. Bẹ́ ẹ bá wá gbọ́ orúkọ eré tẹ́nì kan gbé sípò kìíní, ẹ ti fẹ́ẹ̀ mọ ọjọ́ orí ẹ̀ láì béèrè.

Èdè náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó gbé Kóòtù Aṣípa síwájú Checkmate ò ní kí eré olóyìnbó máà dáa, Yorùbá ló wọ̀ ọ́ létí. Bí púpọ̀ nínú oníbàárà yín bá jẹ́ irú ẹ̀, ìwé ìpolówó tẹ́ ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ò bá wọn sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń jà sí i. L'Ámẹ́ríkà, ìwé ìròyìn TV Guide to àwọn eré tó dáa jù láyé lọ́dún 2002, ó sì fi Seinfeld, eré ẹ̀rín, sípò kìíní. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan náà tún un tò lọ́dún 2013, The Sopranos, eré àwọn ọ̀daràn, ló bọ́ síwájú. Lọ́dún 2021, BBC bi àwọn onímọ̀ tó lé ní igba láti orílẹ̀-èdè 43 léèrè èyí tó dáa jù láti ọdún 2000, wọ́n ní The Wire ni. Bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àjọ BFI bi àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2000, Fawlty Towers ni wọ́n mú, eré tí ìpín ẹ̀ ò ju méjìlá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tẹ́ ẹ bi, ìgbà tẹ́ ẹ bi í, àti bẹ́ ẹ ṣe béèrè ọ̀rọ̀ náà ló ń sọ irú èsì tẹ́ ẹ máa rí.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe béèrè yìí lọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣì mú, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní onígbàjámọ̀ kan ní ogún oníbàárà, ó sì fẹ́ mọ eré tí yóò máa fi hàn wọ́n. Ó ní kí kálukú mú ẹyọ kan. Àwọn mẹ́jọ mú Aláwàdà, méje mú Super Story, márùn-ún mú Jenifa's Diary. Bó bá dúró síbẹ̀, Aláwàdà ló borí, yóò sì lọ máa wá sídì Baba Sala kiri. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ pé kí kálukú to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ipò kìíní, kejì àti kẹta, kìíní gba máàkì 3, èkejì gba 2, ẹ̀kẹta gba 1. Àwọn mẹ́jọ tó fẹ́ràn Aláwàdà fi Super Story ṣe kejì, wọ́n fi Jenifa's Diary ṣe kẹta. Àwọn méje tó mú Super Story fi Jenifa's Diary ṣe kejì, Aláwàdà ṣe kẹta. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó kù fi Super Story ṣe kejì, Aláwàdà ṣe kẹta. Ẹ gbé bírò kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀. Super Story gba máàkì 47, Jenifa's Diary gba 37, Aláwàdà tó gbé ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan gba 36, òun ló wá gbẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ìbéèrè méjèèjì. Àkọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn tó pọ̀ díẹ̀ fẹ́ràn jù. Èkejì sọ ohun tí gbogbo wọn lè jọ jókòó wò láìsí ẹni tí yóò dìde bọ́ síta. Fún ṣọ́ọ̀bù tí tọmọdé tàgbà ń wá, èkejì lẹ nílò. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ lè fi ọgbọ́n yìí béèrè irú ọbẹ̀ tí búkà yín yóò máa sè lọ́jọ́ Ẹtì, tàbí àwọ̀ aṣọ tí aránṣọ yóò kó wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ohùn ẹ̀ ròkè jù bá yín yan ọjà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oníṣòwò ló wà nídìí púpọ̀ nínú àwọn eré tí wọ́n ń jà sí yìí? L'Ámẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1930 síwájú, àwọn ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ló ń sanwó eré àtìgbàdégbà orí rédíò, torí àwọn ìyàwó ilé ló ń gbọ́ ọ. Títí dòní, orúkọ ọṣẹ ni wọ́n fi ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níbí, báńkì UBA ló gbọ̀wọ́ Cock Crow at Dawn tí NTA bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún 1980, eré tó ń polówó iṣẹ́ àgbẹ̀. Unilever, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ Omo nígbà náà, ló wà lẹ́yìn Super Story ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọn kì í ṣe é nítorí àánú. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí eré bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó wò ó ṣì máa ń rántí ọjà tó bá a rìn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe eré náà gan-an wá nìyí, ibẹ̀ ni inú wa kì í ti í dùn. Bàbá tó pọ̀ jù lára àwọn tí à ń sọ yìí, Baba Sala, gbé fíìmù Ọ̀run Mooru jáde lọ́dún 1982. Owó tó yá wà nínú ẹ̀. Àwọn ayédèrú jí fíìmù náà, wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n ń tà á kó tó rí owó ẹ̀ kó jọ. Gbèsè náà gbo bàbá náà gidi, kó tó kú n'Iléṣà lóṣù Kẹwàá ọdún 2018. Àwọn tó ra ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú yẹn náà wà nínú àwọn tó ń sọ lónìí pé kò sẹ́ni bíi tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta sídì tàbí tẹ́ ẹ ń fi eré sí mẹ́mọ́rì káàdì fáwọn èèyàn, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun ti wà láti oṣù Kẹta ọdún 2023, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì mẹ́nu ba ti íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀dà tí oníṣẹ́ ò fọwọ́ sí lè fi ọjà, owó àti òmìnira ẹ̀ dí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì gbé díkódà ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ètò ti ilé ọ̀tọ̀, ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀. MultiChoice ní èyí tó pè ní DStv Business fún irú yín. Ẹ béèrè iye ẹ̀ kó tó di pé wọ́n wá bá yín.

Ó wá kan owó. Kẹ́ ẹ tó sọ pé tẹlifíṣọ̀n ń fa oníbàárà wá, ẹ ṣírò ẹ̀. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, epo bẹtiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 fún lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbi tó wà mọ́. Ká ní jẹnẹrétọ̀ kékeré yín ń jẹ lítà mẹ́ta lóòjọ́ nítorí tẹlifíṣọ̀n nìkan. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù, lítà 78 nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rà á ní náírà 1,000 fún lítà, ó di náírà 78,000. Bí èrè yín lórí orí kan bá jẹ́ náírà 500, ẹ nílò orí 156 tí kò bá tí wá bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn mẹ́fà lóòjọ́. Ṣé mẹ́fà ló ń kún un lóòótọ́, àbí àwọn tó wá jiyàn lásán tí wọn ò gẹrun ló kún ibẹ̀? Ẹ pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ kọ iye orí tẹ́ ẹ gẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún tàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ polówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n tó súnmọ́ wa, irú OSBC tàbí NTA Òṣogbo, ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ eré àti ọjọ́ orí sí nílé ni kẹ́ ẹ mú dání lọ. Ẹ má kàn gba àkókò tó pọ́ọ́kú jù. Ẹ béèrè eré tó ṣáájú ìpolówó yín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọn yóò gbé e lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.