Kí Ló Dé tí Mílíìkì Fi Ń Hó Dànù? Ọ̀rọ̀ Lórí Físíìsì Inú Ilé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sílé. Ìkòkò mílíìkì kan ni, tí a gbé ka iná. Bí omi lásán bá hó nínú ìkòkò, yóò máa ru níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ; kì í sábà gun ìkòkò jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń se mílíìkì bá yíjú sẹ́yìn láti dá ẹnì kan lóhùn, kí ó tó padà, mílíìkì ti gorí ìkòkò, ó ti pa iná, òórùn jíjó rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé omi náà ni ó pọ̀ jù nínú mílíìkì?

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí á fẹnu kò lórí orúkọ. Àwọn tí ó tú Bíbélì sí Yorùbá pe ohun olómi tí a ń fún lára màlúù ní wàrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà Ìlọrin tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra wàrà, èyí tí ó ti dì, tí ó wà nínú omi ara rẹ̀, ni wọn yóò bù fún yín. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, mílíìkì ni èyí tí ó ṣì jẹ́ olómi, wàrà sì ni èyí tí ó ti dì. Ní ti bóyá èdè wa lè gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Nínú 100 gíráàmù mílíìkì màlúù, omi tó nǹkan bíi 87. Ìyókù ni ṣúgà tirẹ̀, tí ó tó nǹkan bíi 5, ọ̀rá tí ó tó nǹkan bíi 4, purotéènì tí ó lé díẹ̀ ní 3, àti àwọn iyọ̀ oríṣiríṣi. Ṣúgà náà ti yòrò pátápátá, bí iyọ̀ ṣe ń yòrò nínú ọbẹ̀. Ọ̀rá kò yòrò ní tirẹ̀. Ó fọ́n ká ní ìṣù kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí: bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìṣù ọ̀rá kan kò sábà ju bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ. Kaséènì, tí í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn purotéènì mílíìkì, kóra jọ ní ìṣù-ìṣù bákan náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tún kéré sí ti ọ̀rá gidigidi.

Àwọn ìṣù wọ̀nyí ni ó mú kí mílíìkì funfun. Kò sí aró funfun kankan nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé kọlu ìṣù kan, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún kọlu òmíràn, títí gbogbo àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ fi padà sójú wa ní àpapọ̀. Ìdí kan náà ni kùrukùru òwúrọ̀ fi funfun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ lásán ni kùrukùru.

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí ààrò. Bí omi bá ń hó, díẹ̀ nínú rẹ̀ a di afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ìkòkò, a gòkè wá bí ìhó, bí ó bá sì ti kan ojú omi, a bẹ́. Awọ omi tí ó yí afẹ́fẹ́ náà ká kò lágbára. Kíá ni ó ń ya. Nínú mílíìkì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́ ni purotéènì fẹ́ràn láti dúró sí. Wọn a so mọ́ra yí ìhó kọ̀ọ̀kan ká, wọn a sì di ẹ̀wù fún un. Ìhó tí ó wọ ẹ̀wù kì í tètè bẹ́. Èkejì a dé bá ti ìṣáájú, ẹ̀kẹta a dé bá èkejì, wọn a sì máa gun orí ara wọn. Ó tún ku ọ̀kan. Bí mílíìkì bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn purotéènì kan tí ó ti ká jọ bí òwú a tú, wọn a lẹ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ kaséènì. Bí omi sì ṣe ń gbẹ lójú mílíìkì, wọn a di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí àwọn ọmọ mìíràn kì í fẹ́ fẹnu kàn. Awọ yìí ni ó dé ìhó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí. Nígbà tí agbára ìhó bá ju ti awọ lọ, gbogbo rẹ̀ a dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíìkì náà kò pọ̀ sí i rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti se ìrẹsì tàbí ẹ̀wà rí mọ ọmọ ìyá ohun tí mo ń wí. Àwọn ìyá wa kò sì dúró de onífísíìsì kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i: wọn a ṣí ọmọrí díẹ̀, wọn a dín iná kù, tàbí kí wọ́n fi ọmọrógùn dábùú ẹnu ìkòkò. Igi gbígbẹ tí ó tutù a máa bẹ́ ìhó tí ó bá kàn án, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná tó ìhó fúnra rẹ̀, agbára rẹ̀ tán. Ìkòkò tí ó tóbi, àti kí á máa rò ó láìdáwọ́ dúró, ni mo fọkàn tán jù.

Àwọn kan yóò ní, bí wàhálà rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí á kúkú mu ún láìsè. N kò lè fara mọ́ ọn. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń bẹ lára màlúù lè gba inú mílíìkì tí a kò sè dé ara ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kòkòrò brucellosis, àìsàn tí ibà rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Ooru ni ó ń pa wọ́n, kò sì béèrè pé kí mílíìkì jó. Àwọn ilé-iṣẹ́ mílíìkì a máa mú un gbóná dé 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, tàbí dé 72 fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ní ilé tí kò sí òṣùwọ̀n ooru, kí á rò ó títí yóò fi hó dáadáa ni ó dájú. Kí á má ṣe fi rírú àkọ́kọ́ ṣe àmì pé ó ti tó, nítorí ìsàlẹ̀ lè ti máa hó kí gbogbo rẹ̀ tó gbóná dọ́gba.

Obìnrin Fúlàní tí ń ṣe wàrà kò sá fún dídì yìí. Ó ń pè é ni. Yóò gbé mílíìkì kaná, yóò fi oje bòmubòmu sí i, yóò sì jẹ́ kí ó máa gbóná lọ títí dé ìhó. Nínú oje náà ni ohun kan wà tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí abẹ. Ó ń fá ohun kan tí ó dà bí irun kúrò lára ìṣù kaséènì. Irun yìí ni kì í jẹ́ kí ìṣù kan sún mọ́ èkejì. Bí ó bá ti kúrò, wọn a so pọ̀, wọn a sì ká ọ̀rá mọ́ àárín. Omi a yà sọ́tọ̀. Nígbà náà ni wọn yóò kó o sínú agbọ̀n kékeré kí omi lè ro kúrò. Nítorí pé ooru ti so purotéènì rẹ̀ le, wàrà wa, tí wọ́n ń pè ní wagashi ní orílẹ̀-èdè Benin, kì í yọ́ nínú òróró bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wàràkàṣì òyìnbó. A lè dín in títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Iṣẹ́ olóye ni. Bí oje bá pọ̀ jù, wàrà a korò, oje náà sì léwu púpọ̀ fún ojú.

Ní ti ìyẹ̀fun mílíìkì, díẹ̀ ni mo ní í sọ. Bí a bá dà á sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ a rin, a lẹ̀ pọ̀, a sì bo èyí tí ó gbẹ mọ́ inú, bí kókó inú àmàlà. Omi tí kò gbóná púpọ̀, díẹ̀, ni kí á kọ́kọ́ fi pò ó.

Kì í ṣe orí iná nìkan ni mílíìkì ti ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1963, ní Tanganyika, tí ó di apá kan Tanzania lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Erasto Mpemba fi mílíìkì àti ṣúgà ṣe áísíkirímù. Kò dúró kí tirẹ̀ tutù kí ó tó gbé e sínú fìríìjì, nítorí àyè ti fẹ́ tán. Tirẹ̀ ni ó sì ṣáájú ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbóná dì. Olùkọ́ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Denis Osborne, onífísíìsì ní yunifásítì ní Dar es Salaam, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dán an wò, àwọn méjèèjì sì jọ tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1969. Títí di òní ni a ṣì ń jiyàn lé e. Ní 2016, Henry Burridge àti Paul Linden tún un dán wò pẹ̀lú omi, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ní fìríìjì àti ife méjì tí ó dọ́gba lè ṣe tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kí ó rí i pé ibi kan náà ni òun ti wọn ooru nínú ife méjèèjì, nítorí ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan péré lè yí èsì padà.