Omi Eegun Adìẹ

Nígbà tí ẹ bá pa adìẹ ní ilé yín, kí ni ẹ máa ń fi eegun rẹ̀ ṣe? Àwọn kan ń dà á nù. Àwọn mìíràn ń jù ú sí ajá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúlò ṣì kù nínú eegun náà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń se eegun adìẹ kí a lè fi omi rẹ̀ se ọbẹ̀. A ó kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú omi náà. A ó sì kọ́ ohun tí omi náà kò lè ṣe fún ara wa.

Àtàn-Ọ̀tà wà ní ojú ọ̀nà tí ó gba Sàńgó àti Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ ní agbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni oko adìẹ náà pọ̀. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà lẹ́yìn tí ó gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1979. Adìẹ tí a ń sìn nítorí ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé nígbà tí ó bá tó nǹkan bí oṣù 5. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ẹyin rẹ̀ yóò dín kù, olóko yóò sì tà á fún pípa. Ẹran irú adìẹ bẹ́ẹ̀ a máa yi, ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ dára púpọ̀ fún omi ọbẹ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ohun kan wà nínú awọ, nínú iṣan àti ní oríkèé eegun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́lájìnì. Òun ni ó so ẹran mọ́ eegun. Bí adìẹ bá ṣe ń dàgbà ni ó ń le sí i. Bí a bá sè é pẹ́, yóò yọ́ sínú omi. Bí omi náà bá sì tutù dáadáa, yóò dì bí ẹ̀kọ. Ohun yìí pọ̀ nínú ẹsẹ̀ adìẹ. Nítorí náà, má ṣe ju ẹsẹ̀ adìẹ nù.

Bí a ṣe ń sè é

1. Kó eegun ẹ̀yìn, ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ adìẹ kan jọ. Má ṣe lo eegun tí ènìyàn ti fi ẹnu kàn. Da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ adìẹ, bó awọ òde rẹ̀, kí o sì gé èékánná rẹ̀ kúrò.

2. Fi ọmọ ọlọ fọ́ àwọn eegun ńlá, kí mùdùnmúdùn inú wọn lè jáde.

3. Kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò. Bu omi tútù tí ó tó lítà 2 sí i, kí o sì gbé e kaná.

4. Bí omi náà bá fẹ́ hó, ìfófòó yóò léfòó. Fi ṣíbí bù ú kúrò.

5. Gé àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ sí i. Má ṣe fi iyọ̀ púpọ̀ sí i, nítorí pé omi náà yóò dín kù, iyọ̀ yóò sì pọ̀ jù.

6. Dín iná kù, kí omi náà máa rọra hó fún wákàtí 2 sí 3. Bí iná bá pọ̀ jù, ọ̀rá yóò dàpọ̀ mọ́ omi, kò sì ní mọ́ gaara. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

7. Fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí èérún eegun má baà wọ inú ọbẹ̀. Jẹ́ kí àgbàlagbà bá ọ gbé ìkòkò gbígbóná sọ̀.

A lè fi omi yìí se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, àsáró tàbí ìrẹsì. Kó eegun tí ó kù dànù síbi tí ajá kò ti ní rí i. Eegun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ajá lọ́fun.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Kòkòrò àrùn fẹ́ràn omi ẹran púpọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọn yóò pọ̀ sí i. Gbé ìkòkò náà sínú omi tútù kí ó tètè tutù. Kí wákàtí 2 tó pé, gbé e sínú fíríìjì. Má ṣe jẹ́ kí ó ju ọjọ́ 3 lọ níbẹ̀. Bí iná mànàmáná kò bá sí, lò ó tán ní ọjọ́ náà. Bí ó bá ti kan, dà á nù. Iná kò lè pa gbogbo oró tí kòkòrò àrùn ti tú sínú rẹ̀.

Ohun tí omi eegun kò lè ṣe

Omi eegun dùn bí ẹran, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran. Nígbà kan rí, ní ilé ìwòsàn ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń fi ohun tí a sè jáde láti inú eegun bọ́ àwọn aláìsàn tí kò ní owó. Àwọn kan rò pé ó lè dípò ẹran. Ní ọdún 1841, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ François Magendie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ ìwádìí wọn. Àwọn ajá tí a fi ohun náà nìkan bọ́ kò lè yè.

Ní ilé mìíràn, àwọn àgbà a máa jẹ ẹran, wọn a sì bu omi ẹran nìkan sórí oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran tàbí ẹyin yóò máa jalè. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ọmọ tí ń dàgbà ni ó nílò ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà jù. Fi omi eegun se ẹ̀wà, kí o sì jẹ ẹ̀wà náà. Bí o bá ní àbúrò, jẹ́ kí òun náà jẹ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń mú kí omi eegun dì bí ó bá tutù?
2. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná pọ̀ jù?
3. Kí ni o máa ṣe bí omi eegun bá ti kan?
4. Kí ni ìwádìí ọdún 1841 kọ́ wa?
5. Sọ fún kíláàsì bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ní ilé yín.