Ikọ́ Tí Kò Gbọ́ Àgbo: Ẹ Wo Ara Ògiri

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nínú ilé bíríkì àtijọ́ tí a ń gbé, omi ni aláǹgbá náà. Ibi tí ó bá wọ̀, ògiri á bu, ohun dúdú á hù lára rẹ̀, eruku rẹ̀ á sì máa bá èémí wọlé. Ní oṣù Kejìlá 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún 2 tó ń gbé ní Rochdale, kú nítorí èyí.

Àgbo kì í gbẹ ògiri. Èéfín ewé kò mú un kúrò, ọ̀dà kàn ń bò ó ni. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń dáná tàbí tí ẹ ń sá aṣọ nínú ilé. Ewé gbígbẹ tó bá bu, ẹ dà á nù.

Bí ó bá tó mítà kan níbùú lóròó, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, kó tó fọ ògiri.

Ilé káńsù ní England ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí wọn. Láti 27 oṣù Kẹwàá 2025, Òfin Awaab fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti yẹ ewu ńlá wò, àti 5 sí i láti mú un kúrò. Wákàtí 24 ni fún ti pàjáwìrì.

Ilé á tù wá o. Àṣẹ.