Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọkọ̀ Lọ, Gbèsè Kù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní Adjamé àti Treichville, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tí Abidjan ti di ilé kejì fún, bí báńkì bá yá yín lówó ra ọkọ̀, tàbí tí ẹ gba ọkọ̀ lọ́nà crédit-bail tí ẹ ń san án díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìwé adójútòfò kan ṣoṣo ti tó. Èyí tí òfin adójútòfò CIMA sọ di dandan, òfò tí ọkọ̀ yín bá fi kan ẹlòmíràn ni ó wà fún. Èyí tí ó sì ń bo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, abala 31 òfin kan náà kò gbà kí ó san ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ́jọ́ tí jàǹbá dé. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ a máa gbó kí gbèsè tó tán: bí ẹ bá ṣì jẹ mílíọ̀nù 9 owó CFA, tí ọkọ̀ tí olè gbé lọ kò sì ju mílíọ̀nù 6 lọ, mílíọ̀nù 3 di ẹrù ọrùn yín, nítorí gbèsè kì í jẹrà. Àlàfo yìí ni adójútòfò tí wọ́n ń pè ní perte financière ń dí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè bóyá adójútòfò yìí wà nínú àdéhùn yín.