Bí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Kò Bá Gba Omi: Ẹ Má Tíì Bá Ọmọ Ọ̀dọ̀ Wí

Ẹni tí ó bá ń ka ìròyìn ẹbí nínú ìwé yìí mọ̀ pé ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà kì í wọ́n láàárín wa. Ibi tí ìnáwó bá sì wà, abọ́ kò lè ṣàìpọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé kan fi ra ẹ̀rọ ìfọbọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní dishwasher. Ó dára, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àlejò kún ilé gan-an ni ẹ̀rọ náà lè máa kùn láìfa omi, tí a ó sì gbọ́ ariwo pé, “Ta ni ó bà á jẹ́?” Ọmọ ọ̀dọ̀ ni gbogbo ojú yóò yí sí.

Èyí kò tọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni, òun náà fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ wá jẹun gẹ́gẹ́ bí àwa ti fi tiwa sílẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ àti abọ́ ni ó bí ẹ̀rọ yìí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Josephine Cochrane, ará Shelbyville ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ni inú rẹ̀ kò dùn sí bí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń fọ́ etí àwo iyebíye rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1883, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ dè é. Obìnrin yìí kò káwọ́ lérí. Ní ọjọ́ 28 oṣù December 1886, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tí ó ṣe, ó sì pàtẹ rẹ̀ níbi àfihàn ńlá àgbáyé ní Chicago ní 1893. Omi tí a fi ipá tú sára abọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní. Bí omi kò bá wọlé, àpótí lásán ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kí ó pa iná ẹ̀rọ náà, kí ó sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Èkíní, ẹ wo ibi tí omi ti ń bọ̀. Láti ìdídò Lower Usuma ni omi ìjọba Àbújá ti ń wá. Nítorí pé omi lè dá, ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbé táńkì sórí òpó, tí wọ́n sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Pé omi ń sun ní ilé ìdáná kò túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọbọ́ ń fẹ́ agbára omi tí kò dín sí 0.5 bar. Omi tí ó ga ní mítà 10 ni ó ń fún wa ní nǹkan bí 1 bar. Nítorí náà, ojú omi inú táńkì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí mítà 5, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 16, ga ju ẹ̀rọ lọ. Bí òpó táńkì yín bá jẹ́ mítà 3, tí ilé ìdáná sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ kò sì ṣẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré ni ẹ óò wá. Láti dán an wò, ẹ ṣí omi ibi tí ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ sínú korobá fún ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí ó tó nǹkan bí lítà 10.

Èkejì, ẹ wo rọ́bà tí ń gbé omi wọlé, bóyá ó ti ká lẹ́yìn ẹ̀rọ tàbí ohun kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ti ẹnu omi pa, kí ẹ tú rọ́bà náà, kí ẹ sì wo asẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Yanrìn àti ìpẹtà láti inú kànga ẹ̀rọ àti táńkì a máa dí i pa. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tó láti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rọ́bà náà bá ní àpótí ńlá kan, ẹ má rì í sómi, ẹ má sì gé e, nítorí àwọn kan ní iná nínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa. Bí ó bá ń fa omi dànù láìdákẹ́, ó lè jẹ́ pé omi ti jò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun kan tí ń léfòó wà níbẹ̀ tí yóò kọ̀ kí omi mìíràn wọlé, kí ilé má baà kún fún omi. Ẹ wá ibi tí ó ti ń jò. Bákan náà, bí ẹ bá so rọ́bà ìdaminù sí ìsàlẹ̀ jù, omi tí ó wọlé yóò máa ṣàn jáde, ẹ ó sì rò pé kò wọlé rárá.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, ó kù sí fáàfù tí ń ṣílẹ̀kùn fún omi. Iná ni ó ń ṣí i. Bí iná bá lọ sílẹ̀ jù, ó lè kọ̀ láti ṣí. Ibí yìí ni kí ẹ ti pe oníṣẹ́ tí ó mọ iná. Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ ti wò, kí ó má baà ta ohun tí kò bàjẹ́ fún yín.

Títí ẹ̀rọ yóò fi padà bọ̀ sípò, ọwọ́ wa kò tíì gbàgbé abọ́ fífọ̀. Kí bàbá gbá omi, kí ìyá fọ̀, kí àwọn ọmọ nù ún. Bí ẹ bá sì ti dá ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́bi kí ẹ tó rí yanrìn nínú asẹ́, ẹ pè é, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kò dín ọlá àgbà kù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi ilé wa máa sun, kí ìnáwó ayọ̀ máa pọ̀ láàárín wa. Àṣẹ.