Gíláàsì Lójú, Gíláàsì Níwájú Kámẹ́rà

Ní èbúté Ìpakodò láàárọ̀, kí ọkọ̀ ojú omi tó ṣí lọ sí Falomo tàbí Marina, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà tó na fóònù jìnnà sójú, tó tún sún un síwájú díẹ̀ sí i, kó tó lè ka iye tó wọ àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún mọ ìṣòro yìí dáadáa. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Lẹ́ńsì tó wà nínú ẹyinjú ló ti ń gan.

Kí èèyàn tó ríran, ìmọ́lẹ̀ tó ti ara nǹkan wá gbọ́dọ̀ wọ inú ẹyinjú, kó sì pàdé sójú kan lórí awọ tó wà lẹ́yìn pátápátá. Láti iwájú ẹyinjú àgbàlagbà dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 24 lọ. Awọ gaara tó bo iwájú ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀ náà, lẹ́ńsì inú ló ń parí èyí tó kù. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì inú yìí nìkan ló lè yí ara padà: tí télọ̀ bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á ki pọ̀; tó bá gbójú sókè wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti orí ọ̀sà, á tẹ́. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, kò lè ki pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ara abẹ́rẹ́ náà ò ní tíì pàdé tí yóò fi kan awọ ẹ̀yìn, ojú abẹ́rẹ́ á sì di bàìbàì.

Gíláàsì ìkàwé ló ń bá a dí àléébù yẹn. Àárín rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kì í yára nínú gíláàsì tó bó ṣe ń yára nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, á tẹ̀. Gíláàsì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ kó tó dé ẹyinjú.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára gíláàsì, bíi +1.00 tàbí +2.00, ń sọ bí agbára ìkójọ yẹn ṣe tó. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè gbé oní +2.00 sábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kó tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, kó máa gbé gíláàsì náà sókè sódò lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ á máa kóra jọ títí yóò fi di ẹyọ kínkín kan tó ń tàn yòò. Kó wọn àlàfo tó wà láàárín gíláàsì àti ìwé: sẹ̀ǹtímítà 50 ni, ìyẹn mítà kan tí wọ́n pín sí méjì. Oní +1.00 á gba odindi mítà kan. Kó má jẹ́ kó pẹ́ lójú kan, torí ìwé lè gbiná. Kó má sì ti inú gíláàsì wo oòrùn láé.

Ti ẹni tí kò rí òkèèrè yàtọ̀. Ẹyinjú irú wọn sábà máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ á ti pàdé kó tó dé ẹ̀yìn. Wọ́n nílò gíláàsì tí àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí etí rẹ̀ nípọn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ní àmì ìyọkúrò. Tí èèyàn bá fi wo ìlà kan nínú ìwé, tó sì rọra fà á sọ́tùn-ún, ìlà náà á tẹ̀ lé e lọ sọ́tùn-ún. Ti ìkàwé á sá lọ sósì. Bí a bá yí gíláàsì po tí ìlà náà wọ́, a jẹ́ pé ó ní àtúnṣe fún ojú tí iwájú rẹ̀ kò rí roboto. Èyí kò sí nínú gíláàsì tí wọ́n ń kiri lójú títì: ọgbọọgba ni wọ́n ṣe ọ̀tún àti òsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dọ́gba. Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ sá fún dókítà ojú ń fi ojú rẹ̀ wewu, torí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma lè máa jẹ ojú lọ láìsí ìrora kankan.

Àwọn ará Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní gbàgbé Jígí Bọ́lá, ètò ìtọ́jú ojú àti gíláàsì ọ̀fẹ́ tó wáyé nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé e dìde lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ní gíláàsì mílíọ̀nù 5 ni àwọn fẹ́ pín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà láti Bangladesh fi hàn pé owó tó ń wọlé fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fún ní gíláàsì ìkàwé fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbé sókè láàárín oṣù mẹ́jọ. Gíláàsì lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun.

Ó pẹ́ tí gíláàsì ti wọ inú àwòrán. Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe gíláàsì ojú, ní nǹkan bí ọdún 1286. Nígbà tí Tommaso da Modena ń ya àwòrán kádínà Hugh of Saint-Cher sára ògiri ní Treviso ní 1352, ó fi gíláàsì sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti kú láti 1263, kó tó di pé gíláàsì dáyé. Ayàwòrán náà mọ̀ pé gíláàsì ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́.

Ta ló lè ro ojú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láìro gíláàsì roboto rẹ̀? Ó wà lójú rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà tó jáde ní 1999, ẹyinjú rẹ̀ sì hàn kedere nínú gíláàsì náà. Ẹni tó ń fọwọ́ fín àwòrán owó sórí irin lè yọ dídán kúrò bó ṣe wù ú. Onífọ́tò kò ní àǹfààní yẹn.

Ìdí ni pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń gba inú gíláàsì kọjá. Bí wọn ò bá fi nǹkan tó ń pa dídán bò ó, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún padà, ó sì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Ìyẹn tó láti sọ ẹyinjú di funfun báláú bí fúláàṣì bá tàn láti orí kámẹ́rà. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá mọ́ ògiri ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe: bó ṣe dagun wá náà ló ń dagun lọ. Nítorí náà kí onífọ́tò gbé iná rẹ̀ sókè, kó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìdápadà náà lè gba abẹ́ kámẹ́rà lọ. Kó ní kí oníbàárà rẹ igbá-àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, tàbí kó gbé apá gíláàsì sókè díẹ̀ lórí etí. Mìlímítà mélòó kan ti tó. Kí ó tún fẹ àwòrán náà sójú kámẹ́rà, kó wo inú gíláàsì méjèèjì kó tó ní kí oníbàárà dìde.

Gíláàsì tó nípọn tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: ti ẹni tí kò rí òkèèrè ń sọ ojú di kékeré, ó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ inú bí ẹni bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà, ti ìkàwé ń sọ ojú di ńlá. Kí oníbàárà kọjú sí kámẹ́rà gan-an ló ń dín fífa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kù. Àwọn onífọ́tò kan máa ń ní kí oníbàárà bọ́ gíláàsì rẹ̀ kí wahala lè tán. Kò dáa. Ẹni tó ti lo gíláàsì fún ogún ọdún, ojú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ni ojú tó wọ gíláàsì.

Ṣùgbọ́n ti físà Amẹ́ríkà kò gba àríyànjiyàn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2016, wọn kì í gba fọ́tò ẹni tó wọ gíláàsì, àfi bí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè bọ́ ọ, tó sì mú ìwé dókítà dání.